Kíbọ́ọ̀dù fún Ọwọ́ Òsì Bàbá

Leeds,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024

Àǹtí mi Fẹ̀yìntọlá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ kú wàhálà ọ̀nà Òǹdó tí ẹ ń gbà ní gbogbo Sátidé. Ẹ bá mi kí Monílọ́lá ọmọ yín. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yìí láìbẹ ẹnikẹ́ni, àmì ohùn nìkan ni mo wò nínú ìwé. Ẹ ní bí ọ̀rọ̀ bá ti le lórí fóònù, inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń sá wọ̀ bí adìyẹ tí òjò ń pa, pé kí n kúkú máa kọ̀wé. Ó dára. Mo ti ń kọ ọ́ nìyí.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ Bàbá àgbà ní Òǹdó ni mo fẹ́ sọ. Mo ti wo fídíò tí Monílọ́lá fi ránṣẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú Bàbá, ó ní kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn wọn àti ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá tẹ K. K kan di K ogójì. Ẹ rẹ́rìn-ín, Monílọ́lá rẹ́rìn-ín, Bàbá yíjú sí ògiri.

Ẹ rò pé orí wọn ni kò pé mọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ìka wọn: wọ́n tẹ ẹ́, wọ́n ò gbé e kúrò, wọ́n ń retí ariwo. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ̀wé fún kóòtù lórí ẹ̀rọ onírin, kò lè mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé àfi bí irin bá dá a lóhùn. Kíbọ́ọ̀dù ayé ìsinsìnyí kì í dáhùn.

Nítorí náà mo fẹ́ ṣe èyí tí yóò máa dá Bàbá lóhùn. Mo ra àlòkù kan tí kò wọ́n, mo tú u. Àǹtí, ẹ ò ní gbà á gbọ́! Lábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, rọ́bà kan ṣoṣo ló wà, ó rọ̀ bí orí fídà ọmọ ọwọ́. Lábẹ́ rọ́bà, ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dúdú fa ìlà sí lára. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. N ó yọ rọ́bà náà dànù, n ó fi súwíìṣì onísípíríǹgì sí ipò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Irú èyí tó ń ró “tá!” bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ sọ fún Bàbá. Ẹ sọ ọ́ sí etí òsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ràn.

Èmi ọmọ yín tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ,
Akínlolú


Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 2024

Àkànbí ọkọ mi,

Ìwé rẹ dé. Monílọ́lá tẹ̀ ẹ́ jáde ní Arákálẹ̀ kí n lè kà á lórí bébà. Èmi ni mo fọwọ́ kọ èyí, òun ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń wà ní Ìlárá-Mọ̀kín láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, nítorí náà bí èsì mi bá pẹ́, má bá mi ṣe bí òyìnbó.

O gbìyànjú. Mo ka ìwé náà fún àwọn ará ọ́fíìsì wa, wọ́n ní “Ta ló bá a kọ ọ́?” Mo ní ọmọ Ayọ̀kúnlé ẹ̀gbọ́n mi tó ṣaláìsí ni, ọmọ tó kúrò nílé ní ọmọ ọdún márùn-ún, tí kò mọ̀ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Wọ́n ní irọ́ ni. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tí o sọ yẹn dùn mí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á rín. Ìwọ wo fídíò, èmi fọ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí ní ọjọ́ yẹn kan náà. Bàbá rẹ àgbà dùbúlẹ̀, ìwọ ń tú kíbọ́ọ̀dù. Mi ò ní kí o má tú u o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Ojú rẹ ni wọ́n ń wá. Bí mọ́tò bá ti dúró lójúde, wọn á gbọ́rùn sókè. Ìgbà wo lò ń bọ̀?

Nǹkan mìíràn tún wà. Àyìndé àti Nímọ́tà ìyàwó rẹ̀, àwọn ayálégbé Bàbá tó ń bá wa tọ́jú wọn, ń kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ wọn bí ìbejì, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé wọn. Àyìndé ló ń gbé Bàbá dìde, òun ló ń wẹ̀ wọ́n. Bó bá lọ, ta ló kù? Mo ti pinnu láti gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìsìkàn. Mo sọ ọ́ fún wọn lánàá. Wọ́n fi ọwọ́ òsì lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, gbà! gbà! gbà! Ara wọn ti wà lọ́nà. Àyìndé ní, “Màmá Monílọ́lá, inú ń bí Bàbá o.” Mo ní kí ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàbá tó bí mi.

Jẹun dáadáa. Wọ súwẹ́tà.

Èmi àǹtí rẹ,
Fẹ̀yìntọlá


Leeds,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2024

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú aṣọ fífọ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lórí fóònù. Ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo ti gbọ́ òwe yẹn, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ìgbà tí mò ń bọ̀, mi ò lè sọ. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde kó tó dé, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá mi padà, ẹ̀kọ́ mi á sì parẹ́. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù ń lọ. Mo gé irin pẹlẹbẹ kan, mo dá ihò onígun mẹ́rin mọ́kànlélọ́gọ́ta sí i, ihò kan kò gbọdọ̀ ju èkejì lọ bí ó ti wù kó kéré mọ. Mo ki súwíìṣì bọ inú wọn. Súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Mo wo ìlà dúdú orí ọ̀rá náà bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà lórí máàpù, mo fi wáyà tẹ̀lé wọn láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, títí dé pátákó kékeré tó jẹ́ ọpọlọ kíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló ti le. Ẹnu pátákó náà kì í gba òjé yíyọ́ tí a fi ń lẹ wáyà, mo ní láti fi abẹ ha á kó tó gbà. Mo jó ìka mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo tẹ A, A jáde, S jáde, Q náà yọjú, gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó gbọ́ pé oúnjẹ wà nílé. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Súwíìṣì tó le ni mo rà, nítorí Bàbá ń fi agbára tẹ̀wé. Èyí tó rọ̀ á máa tẹ ara rẹ̀ lábẹ́ ìka wọn.

Àǹtí, mo fẹ́ béèrè nǹkan, ẹ má bínú. Ta ló bi Bàbá bóyá wọ́n fẹ́ wá sí Àkúrẹ́? Lílu tábìlì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ rárá. Bóyá Àyìndé rí nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí kíbọ́ọ̀dù dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ibi tí wọ́n fẹ́ wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mọ̀ pé òwe yẹn kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu dáadáa, ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Akínlolú yín


Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2024

Àkànbí,

Mo kí ọ. Ọwọ́ tó jóná ńkọ́? Fi oyin sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, o wí. Ta ni yóò bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Súwíìṣì ni àbí wáyà? A ti gbé wọn ní Túsìdè. Nígbà tí mọ́tò dé wọ́n tún lu tábìlì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ife tíì wọn dà nù. Mo ní kí wọ́n tètè gbé wọn, pé Bàbá ń kánjú. Láti Odòjọmù ní Òǹdó títí a fi ré kọjá odò Ọ̀wẹnà, wọn ò la ojú.

Yàrá Monílọ́lá ni mo fún wọn. Ẹní ni mo tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn, orí rẹ̀ ni mò ń sùn, kí n lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Láti ìgbà tí a ti dé, wọn ò lu ohunkóhun mọ́. Mo gbà pé ara tù wọ́n. Bí ìwọ bá ní ohun mìíràn lọ́kàn, wá sọ ọ́ lójú mi níbí, lórí ẹní yìí.

Kíbọ́ọ̀dù rẹ, fi ránṣẹ́ nígbà tó bá yá.

Fẹ̀yìntọlá


Leeds,
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejìlá, 2024

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìmúra ọdún o. Mi ò ní sọ̀rọ̀ Òǹdó mọ́. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, èmi ni mi ò sí.

Ó parí! Mo dijú, mo fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ orúkọ gbogbo wa, láti orí Bàbá dé orí Monílọ́lá, kò ṣi ẹyọ kan. Ariwo rẹ̀ dé yàrá kejì, ọ̀rẹ́ mi kan kan ògiri pé kí ni mò ń gbẹ́. Mo tún ti ṣe é kí ẹ, ọ àti ṣ ní bọ́tìnnì tiwọn, kí Bàbá má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àmì kiri.

Ọ̀rẹ́ náà, Ọláńrewájú, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ni, ó ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, òun ni yóò gbé e fún yín. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù Monílọ́lá, ó tán. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún.

Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi Bàbá: “Níbo lẹ fẹ́ wà?” Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde nínú yàrá, kí ẹ fún wọn láyè. Ìdáhùn yòówù tó bá jẹ́, n ó gbà, mi ò ní wí nǹkan kan mọ́.

Akínlolú


Leeds,
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọláńrewájú ti padà dé láti ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ọwọ́ yín lòun fi lé. Mo pè yín, ẹ ní ẹ wà ní ìpàdé. Mo pe Monílọ́lá, ó ní kí n bi yín. Ṣé ara Bàbá le? Kí ni wọ́n sọ? Bí wọ́n bá sọ pé Àkúrẹ́ làwọn fẹ́, ẹ sọ fún mi, inú mi yóò dùn. Bí wọn ò bá sọ nǹkan, ẹ sọ ìyẹn náà.

Akínlolú


Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejì, 2025

Àkànbí ọkọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Ọ̀rẹ́ rẹ gbé e dé ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ó rẹwà. Ó wúwo lọ́wọ́, ènìyàn á mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. O mọ̀, tàbí bóyá o ò mọ̀, pé nílé wa níbí, nǹkan tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì kọ́kọ́ gbé e síwájú Ọlọ́run. Mọ́tò ni o, ṣọ́ọ̀bù ni o, ìwé tí Monílọ́lá fi wọ yunifásítì pàápàá, wọ́n fi òróró kàn án. Ohun tí yóò dá ohùn padà fún bàbá mi, ṣé kí n kàn ki wáyà bọ̀ ọ́ bí ẹni ń ki wáyà àáyọ́ọ̀nù? Mo ní kí Monílọ́lá má tíì fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, mo gbé e lọ sí ìsìn.

Pásítọ̀ gbé e sókè. Ó ní, “Ahọ́n tí ọ̀tá so, mo ní kó tú!” Gbogbo ìjọ ní àmín. Ó mú òróró. Mo rò pé ìka ni yóò fi kàn án. Ó dà á. Àkànbí, ó dà á, ìgò kan tó kù díẹ̀ kó kún. Mo rí i tó ń ṣàn wọ ààrin àwọn bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ta ni yóò di ọwọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run mú láàrin àdúrà?

A délé, mo nù ún, a gbé e síwájú Bàbá. Mo béèrè ìbéèrè rẹ gẹ́gẹ́ bí o ti kọ ọ́. Ojú wọn tàn, mo rí i. Wọ́n na ìka. Wọ́n tẹ ọ̀kan, kò ró, kò sì kọ nǹkan. Wọ́n tẹ òmíràn, ó wọlé, kò jáde mọ́. Wọ́n tẹ tó mẹ́jọ. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í kúrò lórí itan wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n yíjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Omi lo ní kó má kàn án. O ò dárúkọ òróró.

Fẹ̀yìntọlá


Leeds,
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kejì, 2025

Àǹtí,

Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó dín in bí àkàrà. Bàbá kò nílò iṣẹ́ ìyanu. Wọ́n nílò kí ẹnì kan dákẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni.

Akínlolú


Leeds,
Ọjọ́ Kìn-ín-ní, Oṣù Kẹta, 2025

Àǹtí mi, ìyá mi,

Mo kí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mi ò gbúròó yín, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìwé tí mo kọ kẹ́yìn, ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ ọ́, ojú ẹsẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́. Àṣìṣe Yorùbá kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀, ohun tó tì mí lójú jù nìyẹn. Mo kọ́ èdè yín tán, mo fi bú yín.

Nígbà tí wọ́n ń sin bàbá mi níbí, ẹ̀yin lẹ kọ orin lórí fóònù láti Àkúrẹ́, gbogbo ènìyàn ń sunkún, èmi nìkan ni mi ò gbọ́ ohun tí orin náà ń wí. Ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ pé n ó kọ́ ọ. Kì í ṣe torí irú ìwé yẹn.

Bí ẹ bá lè dárí jì mí, kíbọ́ọ̀dù náà ṣì lè yè. Ẹ wá ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Kó yọ àwọn bọ́tìnnì. Orí súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ní eyín mẹ́rin tó dì í mú, kó rọra tú u, kó yọ sípíríǹgì, kó fi òwú àti sípíríìtì ilé ìwòsàn nu irin tín-ín-rín inú rẹ̀, kó sá a gbẹ. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Kó má kánjú.

Ẹ bá mi di ọwọ́ òsì Bàbá mú.

Akínlolú


Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta, 2025

Àkànbí,

Mo bínú. Mo fi ìwé rẹ yẹn sínú Bíbélì, mo ń kà á ní ojoojúmọ́ kí ìbínú mi má baà tán. Nígbà tí èkejì dé mo fi òun náà síbẹ̀. Wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Mo rí ẹnì kan ní Arákálẹ̀, Silas ni wọ́n ń pè é, orúkọ Bàbá gan-an. Ó ṣí i, ó pariwo: “Ìyá wa, ta ló fi èyí din ẹja?” Mo ní kó gbẹ́nu dúró. Ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe é. Ó to àwọn sípíríǹgì náà sórí àwo nínú oòrùn bí ẹni sá ata. Ó ní ẹni tó so wáyà yìí ní sùúrù, kó wá bá òun ṣiṣẹ́.

Lánàá a gbé e síwájú Bàbá. Wọ́n tẹ ọ̀kan. Tá! Àkànbí, wọ́n gbé ìka dúró sókè, wọ́n wò mí. Wọ́n tún tẹ ẹ́. Tá! Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Mo bi wọ́n: “Bàbá mi, níbo lẹ fẹ́ wà?” Mo gbàgbé láti jáde bí o ti wí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

Ibí dára. N kò lọ ibì kankan mọ́.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣé o rí i? Ṣé o rí i báyìí? Wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí ọ.

Àǹtí rẹ,
Fẹ̀yìntọlá


Àkúrẹ́,
29/3/2025

Akínlolú ọmọ Ayọ̀kúnlé,

Èmi Silas Adébùsóyè ni mo tẹ ìwé yìí pẹ̀lú ọwọ́ òsì mi. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo bẹ̀rẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù tí Monílọ́lá fi sílẹ̀ fún mi. Òní jẹ́ Sátidé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú ewé kan kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Ẹ̀rọ rẹ ń ró. Bọ́tìnnì R ń lẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.

Fẹ̀yìntọlá bi mí ní ibi tí mo fẹ́ wà. Ó dúró lórí mi, ó káwọ́ mọ́ àyà. Mo wo ẹní tó tẹ́ sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ibí dára.

Ìwọ lo ṣe ẹ̀rọ, ìwọ ni n ó sọ òtítọ́ fún. Òǹdó ni mo fẹ́. Ní kóòtù wa, bí adájọ́ bá fi ọwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá wà ní kékeré, ó máa ń dúró lójú fèrèsé kóòtù láti wò ó. Mo lu tábìlì. Mo rò pé yóò mọ̀. Ó ní kí wọ́n tètè gbé mi.

Àyìndé ti lọ. Ta ni yóò gbé mi dìde ní Òǹdó? Bí mo bá sọ fún ọmọ yìí, yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí yóò máa sunkún. Má sọ fún un. Bí mo bá kú, wọn yóò gbé mi lọ sílé láì bi ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe fún gbogbo wa. Ààyè mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Kò ní pẹ́.

Bàbá rẹ kò kọ́ ọ ní Yorùbá. Mo bínú sí i lórí rẹ̀ títí ó fi kú. Ìwọ kọ́ ara rẹ. Ìbínú náà ti tán.

Monílọ́lá ni yóò fi èyí ránṣẹ́. Ó ti búra.

S. Adébùsóyè
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì


Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2025

Àkànbí mi,

O ti gbọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo sun fún ọ níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá lọ ní Tọ́sìdè, ní òwúrọ̀, bí mo ti ń po ògì wọn. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo yí ojú padà, wọn ò sí mọ́.

Mo fẹ́ sin wọ́n sí Àkúrẹ́ níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti fún mi ní ilẹ̀ ní itẹ́ òkú wọn. Ẹbí Òǹdó ń pariwo pé mo fẹ́ jí òkú, pé wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí àgbàlagbà ní ilé tirẹ̀ kó wá sùn sí àjò. Mo gbé bébà ara ògiri lọ bá wọn. Mo ní ẹ kà á: “Ibí dára. N kò lọ ibì kankan mọ́.” Wọ́n kà á tán, wọ́n dá a padà fún mi. Ìwé ni. Bàbá mi fi ìwé jẹun.

Monílọ́lá ní wọ́n kọ̀wé sí ọ. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, bí mo bá wọlé wọn á fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà. Ọmọ yìí kọ̀, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n sọ nǹkan mìíràn? Bí wọn ò bá sọ, Fúráìdé ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni ìsìnkú.

Fẹ̀yìntọlá


Leeds,
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2025

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Mi ò ní ju ìyẹn lọ, ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè kò kọ́ mi ní èyí tó tó.

Wọ́n ní kí n má sọ. Mo ti ń pa á mọ́ láti oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe ni wọ́n fi kọ ìwé tí ẹ fi hàn ẹbí, mi ò lè jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi sin wọ́n sí ibi tí wọn ò fẹ́.

Ẹ gbé Bàbá lọ sí Òǹdó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn.

Ẹ má bi mí ní ìyókù, mi ò ní fi ìwé náà ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ fún yín, wọ́n kọ ọ́ nítorí yín. Bí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, ọ̀nà mi jìn.

Akínlolú


Ìsìkàn, Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2025

Akínlolú,

A sin wọ́n ní Òǹdó. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, omi kún inú ibojì, wọ́n gbọ́n ọn kí wọ́n tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Àyìndé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló gba orí pósí mú. Kò bá mi wí. Ó kàn kí mi, ó sì wo ilẹ̀.

O ní o ò ní fi ìwé náà ránṣẹ́. Má fi ránṣẹ́. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ “Ibí dára”. Bàbá mi kò yin nǹkan rí. Mo gba ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì, wọ́n ní bọ́tìnnì aṣọ mi ti já. Ìyá mi sè fún wọn títí ó fi kú, “ó ṣeé jẹ” ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n wá dé yàrá tí oòrùn kì í dé, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké mọ́ wọn létí, wọ́n ní ó dára. Mo rò pé o lè ti mọ̀ pé mo mọ̀. Mi ò ní agbára láti gbé wọn padà, mi ò sì ní ẹni tí n ó fi wọ́n tì. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo ń wò ó. Nígbà tí wọ́n kú, mo fẹ́ sin wọ́n síbí kó lè di òtítọ́.

Lójú ibojì, akọ̀wé kóòtù kan tó ti darúgbó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ó ní fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Silas Adébùsóyè kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ó ní kò parọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí. Gbogbo Òǹdó ń mi orí.

Mo dúró nínú òjò, mo ń gbọ́. Èmi nìkan ni wọ́n parọ́ fún rí.

Fẹ̀yìntọlá